Ṣíìsì Tó Ń Yọ́ àti Èyí Tí Kì Í Yọ́: Bí A Ṣe Ń Yan Ti Písà

Ẹ gé wàrà sí wẹ́wẹ́, ẹ tò ó sórí písà, kí ẹ sì gbé e sínú ófùnù tó gbóná dáadáa fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ẹ bá gbé e jáde, bí ẹ ṣe gé wàrà náà lẹ máa bá a. Etí rẹ̀ lè pọ́n, ara rẹ̀ lè gbẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní yọ́, ańbọ̀sì kó fà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń dán písà wò nínú ilé ní Sùúrùlérè àti Yábà ló máa ń rò pé iná ni kò tó, wọ́n á wá fi kún iná títí ìsàlẹ̀ búrẹ́dì á fi dúdú. Iná kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bí ẹ tilẹ̀ gbé e lọ sínú ófùnù oníbúrẹ́dì ní Mushin, nǹkan kan náà ni yóò ṣẹlẹ̀, torí pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe wàrà ni kò jẹ́ kó lè yọ́.

Wàrà ni ṣíìsì tí a bá láyé, owó rẹ̀ kò pọ̀, ẹni tó ń kiri ń gbé e kọjá lẹ́nu ọ̀nà, nítorí náà òun ló máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ra ṣíìsì fún písà, kó má ṣe kọ́kọ́ béèrè èyí tó dùn jù lẹ́nu, kó má sì béèrè èyí tó wọ́n jù. Ohun tí ṣíìsì náà máa ṣe bó bá rí iná ni kó béèrè. Ṣé yóò yọ́? Ṣé yóò fà? Omi rẹ̀ yóò ha ya sórí búrẹ́dì bí? Òróró rẹ̀ ńkọ́? Ṣíìsì tó dùn gan-an lè ba písà jẹ́, èyí tí kò sì ní adùn kan pàtó bí a bá jẹ ẹ́ lásán lè jẹ́ èyí tó dára jù lọ. Bí ọ̀rọ̀ mozzarella ṣe rí gan-an nìyẹn. Bí ẹ bá gé e jẹ ní tútù, ẹ lè máa ṣe kàyéfì pé kí ni gbogbo ariwo tí wọ́n ń pa lé e lórí.

Ẹ jẹ́ ká wo inú mílíìkì ná. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn omi ni ọ̀rá, ṣúgà mílíìkì, àti oríṣi purotéènì méjì. Ọ̀kan ni casein, tó wà ní hóró kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, tí kálísíọ̀mù so pọ̀. Èkejì ni èyí tó máa ń bá omi lọ nígbà tí wọ́n bá ń sẹ́ ṣíìsì. Iṣẹ́ ẹni tó ń ṣe ṣíìsì ni kó mú kí casein dì mọ́ra, kó gbé ọ̀rá dání, kí omi sì ṣàn lọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ṣíìsì ayé ló gba ọ̀nà yìí kọjá. Ibi tí wọ́n ti pínyà ni ohun tí wọ́n fi mú un dì, bí wọ́n ṣe jẹ́ kó gbóná tó, àti bí wọ́n ṣe jẹ́ kó kan tó.

Àwọn obìnrin Fúlàní tó ń ṣe wàrà ní agbègbè Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, ewé bọmubọmu ni wọ́n ń lò. Òun ni ewé tí oje funfun máa ń jáde lára rẹ̀ bí a bá já a, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Calotropis procera. Wọ́n á gún ewé náà, wọ́n á fi mílíìkì díẹ̀ fọ oje rẹ̀, wọ́n á sì sẹ́ ẹ sínú ìkòkò mílíìkì tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ lórí iná. Wọn kò ní gbé e sọ̀ o. Wọ́n á jẹ́ kó máa gbóná lọ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ hó, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa dì, tí omi rẹ̀ á sì máa yà sọ́tọ̀. Ìgbà náà ni wọ́n á bù ú sínú ajọ̀ kékeré kí omi lè ró. Bí oje ewé bá pọ̀ jù, wàrà á korò díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kì í jẹ́ kó dé bẹ́ẹ̀.

Nǹkan méjì ló ti ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò yẹn. Nítorí pé mílíìkì fẹ́rẹ̀ẹ́ hó, purotéènì tó yẹ kó bá omi lọ ti jinná, ó sì ti lẹ̀ mọ́ casein lára. Nítorí pé wọn kò dúró kí mílíìkì kan, kálísíọ̀mù tó so casein pọ̀ kò lọ síbì kankan. Ohun tó bá ti dì mọ́ra tó báyìí, iná kò lè tú u mọ́. Omi ni iná yóò máa fún jáde lára rẹ̀, tí yóò sì máa le sí i. Ìdí nìyẹn tí wàrà fi ṣeé dín nínú òróró gbígbóná láìfọ́, tó sì ṣeé sè nínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ fún ìṣẹ́jú púpọ̀ tí a ó sì tún fi ìka mú un jáde lódindi.

Wàrà nìkan kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Halloumi àwọn ará Cyprus, tí wọ́n máa ń tún sè nínú omi gbígbóná tó yà lára rẹ̀, ń ṣe bẹ́ẹ̀. Paneer àwọn ará Íńdíà náà kì í yọ́. Ní Bahia lórílẹ̀-èdè Brazil, ní ìlú Salvador tí ẹ̀jẹ̀ Yorùbá pọ̀ sí, wọ́n ń ta ṣíìsì kan tó ń jẹ́ queijo coalho létí òkun. Wọ́n á fi igi gún un, wọ́n á sì yan án lórí èédú bí a ṣe ń yan súyà. Ní Benin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wagashi tí àwọn Fúlàní ń ṣe ní agbègbè Parakou, ewé bọmubọmu kan náà ló ń mú un dì. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi èèpo poroporo ọkà bàbà pa á láró pupa kí wọ́n tó kó o lọ sọ́jà Dantokpa ní Cotonou. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú gbogbo wọn tó ń retí pé kí ṣíìsì òun yọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́, wọ́n á dín in, wọ́n á yan án, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ sínú ọbẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni mozzarella gbà. Gúúsù ilẹ̀ Ítálì, ní agbègbè Naples, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Rennet ló ń mú un dì, èyí tí wọ́n ń rí nínú ikùn ọmọ màlúù tàbí irú rẹ̀ tí ilé iṣẹ́ ń ṣe lóde òní. Wọn kì í jẹ́ kí mílíìkì náà gbóná púpọ̀, nítorí náà purotéènì kejì máa ń bá omi lọ bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi èyí tó dì sílẹ̀ kó máa kan. Kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ á máa jẹ ṣúgà mílíìkì, á sì máa sọ ọ́ di omi kíkan. Bí kíkan náà ṣe ń pọ̀ ni kálísíọ̀mù ń tú kúrò lára casein díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é máa ń fi ẹ̀rọ wọn kíkan yìí, pH ni wọ́n ń pe òǹkà rẹ̀, bó bá ṣe kan sí i ló ń lọ sílẹ̀. Nígbà tí pH rẹ̀ bá wá sí nǹkan bí 5.2, ó ti tó àkókò. Wọ́n á tì í bọ inú omi gbígbóná, wọ́n á máa fà á, wọ́n á máa ṣẹ́ ẹ po, wọ́n á tún fà á, títí ara rẹ̀ á fi máa dán.

Ibi tí wọ́n dúró sí yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Bí wọ́n bá yá jù, tí kò tíì kan tó, kálísíọ̀mù á ṣì pọ̀ nínú rẹ̀, kò ní fà. Bí wọ́n bá jẹ́ kó kan kọjá bẹ́ẹ̀, tí pH fi lọ sísàlẹ̀ 5, yóò máa rún lọ́wọ́, bí feta ṣe máa ń rún. Èyí tó wà láàárín ló bá písà mu. Bó bá wọ ófùnù, ọ̀rá inú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń yọ́, kó tó gbóná dé 40°C ni ọ̀rá náà ti di òróró. Bó bá gbóná kọjá 60°C, casein fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀, á sì máa ṣàn, ṣùgbọ́n kò ní jọ̀wọ́ ara rẹ̀ tán. Ìdí nìyẹn tó fi ń fà bí ewédú nígbà tí a bá gé e.

Ní 2014, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Auckland ní ilẹ̀ New Zealand tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n yan písà pẹ̀lú oríṣiríṣi ṣíìsì, mozzarella, cheddar, colby, edam, emmental, gruyère àti provolone, wọ́n sì fi kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pọ́n. Ohun tí wọ́n rí ni pé oru omi tó wà lábẹ́ mozzarella máa ń gbé e wú sókè níbi púpọ̀, torí pé ara rẹ̀ ń fà. Ibi tó bá wú, òróró á ṣàn kúrò lórí rẹ̀, omi ibẹ̀ á gbẹ, ibẹ̀ á sì pọ́n. Bí àwọn àmì pupa tí a máa ń rí lórí písà ṣe ń wáyé nìyẹn. Cheddar, colby àti edam kò ní ara fífà tó bẹ́ẹ̀, wọn kì í wú. Gruyère àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń tú òróró púpọ̀ jáde, òróró yẹn á bo ojú wọn, omi kò ní ráyè gbẹ, wọn kò sì ní pọ́n tó.

Oríṣi mozzarella méjì ló wà, ibẹ̀ sì ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣòfò. Àkọ́kọ́ ni èyí tó wà nínú omi, tó funfun, tó rọ̀, tó rí roboto. Èkejì ni èyí tí wọ́n ti mú kí omi rẹ̀ dín kù, tó le díẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, tó máa ń wà ní búlọ́ọ̀kù nínú láílọ́ọ̀nù tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ pé omi inú èyí tí kò lómi púpọ̀ gbọ́dọ̀ ju ìdá 45 nínú 100 lọ, kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdá 52 lọ. Ti àkọ́kọ́ lè tó ìdá 60. Ẹni tó bá ti wo fídíò àwọn ará Naples á fẹ́ ra èyí tó wà nínú omi, torí òun ni wọ́n ń lò. Àmọ́ ófùnù onígi tí wọ́n ń lò níbẹ̀ máa ń gbóná ju 430°C lọ, ìṣẹ́jú kan tàbí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ni písà ń lò nínú rẹ̀. Kí omi tó ráyè jáde, wọ́n ti gbé e kúrò. Ófùnù gáàsì tó wà nílé wa, ká ní ó dára gan-an, 250°C ló máa gbóná mọ, písà á sì lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú rẹ̀. Láàárín àkókò yẹn, omi mozzarella tútù á ti ya sórí búrẹ́dì, àárín písà á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Búlọ́ọ̀kù tí omi rẹ̀ kéré ni kí ẹ rà. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n fi mílíìkì tí ọ̀rá rẹ̀ pé ṣe, ẹ mú un, torí èyí tí wọ́n ti yọ ọ̀rá lára rẹ̀ tètè máa ń le bí písà bá ti tutù díẹ̀.

Ẹ wo déètì ara rẹ̀ pẹ̀lú. Mozzarella tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe máa ń le, ó nílò ọ̀sẹ̀ bíi méjì nínú òtútù kó tó yọ́ dáadáa. Èyí tó ti pẹ́ jù á kàn ṣàn lásán ni, kò ní fà. Ti èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe kì í sábà kan wa ní Èkó, torí pé kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e dé, ó ti pé ọjọ́ orí. Àpọ̀jù ọjọ́ ni ká máa ṣọ́ra fún.

Owó ńkọ́? Písà kì í ṣe tuntun ní Èkó, àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá ti ń tà á tipẹ́, ṣùgbọ́n láti 2012 tí Domino's ti dé Nàìjíríà ló ti di ohun tí ọmọ ilé ìwé ń bẹ ìyá rẹ̀ fún. Láti ìgbà náà ni àwọn ìyá ti ń ṣírò bóyá kò ní dín owó kù bí àwọn bá ṣe é nílé. Ìyẹ̀fun, yíìsì, tòmátì, sọ́séèjì, gbogbo ìyẹn kò ní ìnira. Ṣíìsì ló ń gba owó. Nǹkan bíi lítà mílíìkì mẹ́wàá ni wọ́n ń lò kí wọ́n tó rí kílò mozzarella kan, òkè òkun sì ni ọ̀pọ̀ èyí tí à ń rí níbí ti ń wá. Ní oṣù kejì 2020, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa ní kí ilé iṣẹ́ mẹ́fà péré máa rí owó ilẹ̀ òkèèrè gbà fún kíkó mílíìkì àti ohun tí wọ́n fi mílíìkì ṣe wọlé. Nígbà tó di oṣù kẹfà 2023, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye rẹ̀ lọ́jà. Ẹni tó ń ra ṣíìsì kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Iye tó wà lára rẹ̀ lóṣù yìí lè má jẹ́ iye tí ẹ máa bá lóṣù tó ń bọ̀.

Nítorí náà làwọn ohun mìíràn fi ń pe èèyàn lórí pẹpẹ súpámákẹ́ẹ̀tì ní òpópónà Adéníran Ògúnsànyà ní Sùúrùlérè, àti ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta mílíìkì àti bọ́tà lọ́jà Ojúwoyè ní Mushin tàbí Téjúoṣó ní Yábà. Èyí tó pọ̀ jù ni ṣíìsì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi láílọ́ọ̀nù wé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi iyọ̀ kan tó ń so ọ̀rá pọ̀ mọ́ omi sí i, ó yọ́ kíákíá, kì í tú òróró, ṣùgbọ́n kì í fà, ó sì máa ń ní ìbòrí kan lójú bí awọ. Ẹ fi í sínú búrẹ́dì tàbí sórí bọ́gà. Èyí tó rí onígun mẹ́ta nínú páálí roboto, fífi pa búrẹ́dì ló dára fún. Parmesan oníyẹ̀fun inú agolo kò lè dá bo písà. Díẹ̀ lórí rẹ̀ nígbà tó bá ti jáde lẹ ń wọ́n ọn, torí iyọ̀ rẹ̀.

Cheddar ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò, torí òun ló wọ́pọ̀ jù nínú àwọn ṣíìsì gidi, owó rẹ̀ sì máa ń rọjú díẹ̀ nígbà mìíràn. Adùn rẹ̀ pọ̀ ju ti mozzarella lọ fíìfíì. Àléébù rẹ̀ ni òróró. Bó bá ti pẹ́ nínú iyàrá tí wọ́n ti ń jẹ́ kí ṣíìsì gbó, purotéènì rẹ̀ á ti já sí wẹ́wẹ́, kò ní lè di ọ̀rá mú mọ́. Bó bá kan iná, òróró pupa á dúró lórí písà. Ẹ wá rò ó pé ọbẹ̀ ata díndín lẹ fi pa ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí òróró tiẹ̀ náà wà níbẹ̀, tí súyà sì wà lórí rẹ̀. Ọwọ́ àti ẹ̀wù á gbà nínú òróró yẹn. Cheddar tí kò gbó, tí wọ́n kọ “mild” sára rẹ̀, ló sàn jù, òun náà sì gbọ́dọ̀ wà nínú àdàlù. Gouda àti edam, èyí tí wọ́n máa ń fi ìda pupa bò, sàn ju cheddar lọ ní tèmi, torí wọ́n máa ń yọ́ wẹ́rẹ́, òróró wọn kò sì pọ̀.

Àdàlù tí mo fọwọ́ sí fún písà tó fẹ̀ tó ìnṣì 12 ni mozzarella gíráàmù 120 àti gouda tàbí cheddar tí kò gbó gíráàmù 40. Mozzarella á ṣe iṣẹ́ fífà àti pípọ́n, èkejì á mú adùn wá. Bí owó kò bá ká a, ẹ dín ìwọ̀n méjèèjì kù, kí ẹ má ṣe yọ mozzarella kúrò pátápátá. Ẹ má sì jẹ́ kó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí owó tilẹ̀ wà. Bí ṣíìsì bá nípọn jù, oru ìsàlẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde, búrẹ́dì kò ní jinná.

Àwọn kan ń ta mozzarella tí wọ́n ti rin tẹ́lẹ̀ nínú láílọ́ọ̀nù. Ó gbani lọ́wọ́ wàhálà, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà nítorí rẹ̀. Kí ẹ kàn mọ̀ pé wọ́n máa ń fi sítáàṣì ọ̀dùnkún tàbí cellulose sí i kó má baà lẹ̀ mọ́ra. Ìyẹn kì í jẹ́ kó yọ́ pọ̀ dáadáa. Ohun tó le ju ìyẹn lọ ni èyí tí kì í ṣe ṣíìsì gidi. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, kí ẹ ka lẹ́tà kéékèèké. Bí ẹ bá rí “vegetable fat” tàbí “palm oil” níwájú, tí mílíìkì wà lẹ́yìn pátápátá, epo ẹ̀fọ́ ni wọ́n fi rọ́pò ọ̀rá mílíìkì. Ó lè yọ́ o, kò pani, owó rẹ̀ sì kéré, ṣùgbọ́n ẹ má san owó mozzarella lé e lórí. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC bí ẹ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá ti rà á tán, NẸ́PÀ ló kù. A ti yí orúkọ wọn padà tó, ìṣe wọn là ń wí. Mozzarella tó bá dì nínú fíríísà, omi inú rẹ̀ á di yìnyín, yìnyín yẹn á sì ya ara ṣíìsì. Bó bá dì lẹ́ẹ̀kan tó sì tú lẹ́ẹ̀kan, kò burú púpọ̀, bí ẹ bá ti jẹ́ kó tú díẹ̀díẹ̀ nínú fíríìjì láti àṣálẹ́. Bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀, tó fi dì tó tú, tó tún dì, á bẹ̀rẹ̀ sí í rún, omi á sì máa ro lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí láílọ́ọ̀nù ṣíìsì tí omi kún ìsàlẹ̀ rẹ̀, tàbí tí yìnyín bò nínú, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí i nínú ilé ìtajà nìyẹn, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ. Nílé, ẹ gé búlọ́ọ̀kù sí ìwọ̀n tí písà kan máa lò, ẹ wé ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ má ṣe tú ju èyí tí ẹ máa lò. Ìgbà tó bá ṣì tutù ni kí ẹ rin ín, bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ńṣe ni yóò máa lẹ̀ mọ́ ìrin.

Irú iná tí ẹ ní náà á bá yín yàn. Ọ̀pọ̀ ófùnù gáàsì tó wà nínú ilé, ìsàlẹ̀ ni iná rẹ̀ ti ń wá. Búrẹ́dì á jinná, ojú ṣíìsì á sì funfun. Ẹ gbé písà sí àgbékà òkè, bí iná bá sì wà lókè ófùnù náà, ẹ tan án ní ìṣẹ́jú méjì tó kẹ́yìn. Ẹni tí kò ní ófùnù, tó ń lo páànù oníkùúkù lórí gáàsì, kó yan ojú kan búrẹ́dì náà, kó yí i padà, kó to ṣíìsì sójú tó ti jinná, kó dé e, kó sì dín iná kù. Oru tó wà lábẹ́ ìdérí ni yóò yọ́ ṣíìsì náà. Kò ní pọ́n, nítorí náà ẹ má retí àmì pupa, àti pé níhìn-ín, ẹ lè jẹ́ kí gouda pọ̀ díẹ̀ ju bí mo ṣe wí lókè lọ, torí ó tètè ń yọ́. Ẹ nu omi tó bá wà lára ìdérí kó má baà kán sórí rẹ̀. Ohun mìíràn tí ẹlẹ́páànù kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ni tòmátì: kó dín in gbẹ dáadáa kó tó fi pa á, torí kò sí ibi tí omi rẹ̀ máa gbà lọ.

Ẹnì kan á béèrè pé ṣé kò ṣeé ṣe kí èèyàn ṣe mozzarella fúnra rẹ̀. Ó ṣeé ṣe, bí ẹ bá ní mílíìkì tútù tí kò tíì gbóná púpọ̀ rí, rennet, àti omi kíkan. Mílíìkì yẹn ló ṣòro ní Èkó. Ọ̀pọ̀ mílíìkì oníyẹ̀fun ti rí iná jù, kì í sì í dì bó ṣe yẹ. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí à ń rà ní sáṣẹ́ẹ̀tì tilẹ̀ ní ọ̀rá ẹ̀fọ́ dípò ọ̀rá mílíìkì. Mílíìkì olómi inú páálí tó lè wà níta fún oṣù púpọ̀, òun náà ti gbóná kọjá ààlà. Ẹ má ṣe fi owó àti ọjọ́ Sátidé yín ṣòfò.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí wàrà, torí n kò sọ pé kó má dé orí písà. Ó kàn yẹ kó gba ipò ẹran ni. Ẹ ra èyí tó ṣì wà nínú omi rẹ̀. Ẹ sè é fún ìṣẹ́jú márùn-ún nínú omi tí ẹ fi iyọ̀, átalẹ̀ àti ata gbígbẹ sí, torí a kò mọ iye ọwọ́ tó ti kàn án láti ìlú tó ti wá. Ẹ gé e bí èékánná ìka ọwọ́, ẹ fi aṣọ mímọ́ nu omi ara rẹ̀, kí ẹ sì dín in nínú òróró gbígbóná títí ara rẹ̀ á fi pọ́n yíká, tí inú rẹ̀ ṣì rọ̀. Bí písà bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún kó jáde, tí mozzarella sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ni kí ẹ wọ́n ọn sí i. Yóò rì díẹ̀ sínú rẹ̀, mozzarella á dì í mú, ẹnu á sì bá ohun tó rọ̀ àti ohun tó le díẹ̀ pàdé. Pẹ̀lú àlùbọ́sà àti tàtàṣé, kò sí ìdí tí ẹ fi nílò ẹran mọ́. Písà tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn, owó rẹ̀ sì dín kù ju ti sọ́séèjì lọ, torí gíráàmù 80 mozzarella ti tó o.

Fún ṣíìsì tí ẹ kò mọ̀ rí, tàbí tí orúkọ ara rẹ̀ kò yé yín, ẹ ra èyí tó kéré jù. Ẹ gbé páànù gbígbẹ kaná, kí ẹ má fi òróró sí i, ẹ fi ìka mẹ́ta bu ṣíìsì rírin náà sí i, kí ẹ sì máa wò ó fún ìṣẹ́jú méjì. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, tó hó, tí etí rẹ̀ pọ́n, ẹ fi fọ́ọ̀kì gbé e sókè. Bó bá fà tó ìka kan, ti písà ni. Bí òróró bá yí i ká, àdàlù ni kó wà. Bó bá jókòó bí ẹ ṣe jù ú sí i, tí kò yí padà, ẹ dín èyí tó kù pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà. Bó bá sì di omi funfun tí kò ní okun, ẹ pa á sára búrẹ́dì fún àwọn ọmọ, kí ẹ má sì ra irú rẹ̀ mọ́.